Wọ́n Pè É Ní Ẹni Tó Ń Fọ Abọ́

Obìnrin tí ẹ fẹ́ ka ìtàn rẹ̀ yìí ti kìlọ̀ fún mi. Ó ní bí mo bá kọ ọ́ pé òun ti gbàgbé, tàbí pé òun ti dárí jì, kí n má ṣe gbé ìwé náà wá sílé òun. Mo ṣèlérí fún un pé bó ṣe sọ ọ́ ni màá ṣe kọ ọ́. Inú ń bí i, inú sì ń bí èmi náà tí mò ń sọ ọ́.

Àǹtí ni a máa pè é. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló kọ́ ilé oúnjẹ kan sẹ́bàá ọ̀nà ní ìlú kékeré kan, níbi tí àwọn awakọ̀ tírélà ti máa ń dúró jẹun. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n yìí ló ń dúró níwájú, tó ń kí àlejò káàbọ̀, tó ń rẹ́rìn-ín sí tẹrú tọmọ. Àwọn oníbàárà sọ ọ́ ní Ẹlẹ́rìn-ín, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára. Àǹtí ló ń sè.

Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ìjà wà. Àǹtí ló ń sè.

Kò tíì pẹ́ tí wọ́n ṣí ilé oúnjẹ náà tí epo gbígbóná fi ta sí i lójú, tó sì jó o láti ẹ̀bá etí títí dé àgbọ̀n. Nígbà tó san, tó padà sẹ́nu iṣẹ́, Ẹlẹ́rìn-ín kúnlẹ̀ kí i. Ó gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀, nítorí àbúrò ọkọ ẹni, ọkọ ẹni ni. Ó ní, "Ọkọ mi, ẹ máa wà nínú ilé ìdáná ní tiyín. Àwọn èèyàn yìí ò ní làákàyè, wọ́n á kàn máa wò yín lójú ni. Mi ò fẹ́ kí ojú máa tì yín."

Àǹtí rò pé ìfẹ́ ni. Ó wọlé, ó sì dúró síbẹ̀ títí tí irun rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í funfun.

Fèrèsé kékeré kan wà láàárín ilé ìdáná àti yàrá ìjẹun, ibẹ̀ ni abọ́ ń gbà jáde. Wọ́n kọ́ ọ sísàlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé ẹni tó bá dúró síwájú rẹ̀, láti àyà dé ìbàdí nìkan ni Àǹtí ń rí. Kò mọ ojú oníbàárà kankan, ṣùgbọ́n kò sí ikùn tí kò dá mọ̀. Wọ́n ní gbogbo alángbá ló da ikùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Àǹtí mọ̀ ọ́n. Olùkọ́ kan wà tí ṣọ́ọ̀kì kì í kúrò ní etí ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀, ìsàlẹ̀ ìkòkò ló máa ń bèèrè. Aránṣọ kan wà tí téèpù máa ń rọ̀ sí àyà rẹ̀. Àǹtí wo ikùn rẹ̀ bó ṣe ń yọ díẹ̀díẹ̀, lọ́jọ́ kan ikùn náà lọ sílẹ̀, ẹsẹ̀ ọmọ wẹ́wẹ́ méjì sì yọ ní ìbàdí rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Àǹtí fi ẹran kún abọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Awakọ̀ tírélà kan tún wà tí wọ́n ń pè ní Akólòlò. Bọ́tìnì tó wà níbi ìdodo ẹ̀wù rẹ̀ kì í pé. Òun nìkan ló máa ń dá abọ́ rẹ̀ padà sí ojú fèrèsé fúnra rẹ̀, abọ́ náà á sì mọ́ bí èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀.

Nígbàkígbà tí Àǹtí bá bu oúnjẹ tán, á fi ṣíbí ọbẹ̀ kan etí abọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Kọ́, kọ́. Awakọ̀ tó ti sùn sórí tábìlì á gbé orí sókè. Akólòlò á ní, "M-mò ń bọ̀," gbogbo ilé á sì rẹ́rìn-ín. Àǹtí sọ fún mi pé kò sí ohun tó dùn mọ́ òun tó bẹ́ẹ̀ rí láyé. Mo gbà á gbọ́, torí pé nígbà tó ń sọ ọ́ ni mo rí ẹ̀rín rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Kò sí iyọ̀ lórí tábìlì kankan níbẹ̀. Àǹtí kì í fi iyọ̀ sí ọbẹ̀ àfi bí ẹran bá ti rọ̀ tán, òun ló máa ń fi parí, á tọ́ ọ wò, á tún tọ́ ọ wò. Inú agolo mílíìkì tí kò ní ìdérí gidi ni iyọ̀ náà máa ń wà. Ìgò kan wà lórí pẹpẹ tí wọ́n kọ IYỌ̀ sí lára gàdàgbà, ṣùgbọ́n ṣúgà ló wà nínú rẹ̀. Èèrà ló fà á. Wọn ò jẹ́ kí ṣúgà rímú mí nínú agolo, bẹ́ẹ̀ ni ìdérí ìgò yẹn le dan-in dan-in, ni Àǹtí bá pààrọ̀ wọn. Ẹnikẹ́ni tó bá ti bá a se ọbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré ló mọ̀.

Ẹ wá gbọ́ bí irọ́ náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Obìnrin arìnrìn-àjò kan jẹun tán lọ́jọ́ kan, ó ní òun fẹ́ mọ ẹni tó sè é. Ẹlẹ́rìn-ín ní, "Ọwọ́ mi náà ni, màmá." Àǹtí gbọ́ láti ojú fèrèsé. Nígbà tí wọ́n ti ilẹ̀kùn, Ẹlẹ́rìn-ín wọlé wá bẹ̀ ẹ́, ó ní ẹnu òun ló yọ̀, ó ní òun ò fẹ́ fi àlàyé gígùn dá obìnrin náà dúró. Àǹtí rẹ́rìn-ín, ó ní kò burú.

Kò burú kẹ̀? Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ìyìn dùn létí, ẹni tó bá sì ti tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kan kì í fẹ́ kí wọ́n gbé e kúrò níwájú òun. Kò pẹ́ tí "ọwọ́ mi ni" fi di ohun tí Ẹlẹ́rìn-ín ń sọ láìjẹ́ pé wọ́n bi í. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé bó ṣe ń yan ẹran. Obìnrin tí kì í fẹ́ kí èéfín kan aṣọ òun! Nígbà tí ẹ̀gbọ́n Àǹtí kú, kò sí ẹnì kan mọ́ níwájú ilé tó mọ òtítọ́, Àǹtí náà kò sì yọjú.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n la ọ̀nà tuntun gba ẹ̀yìn ìlú. Tírélà ò gba iwájú ilé oúnjẹ náà mọ́, wọ́n sì ti fi àmì sí ògiri rẹ̀ pé wọn yóò wó o. Máníjà ilé oúnjẹ ńlá kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ sẹ́bàá ọ̀nà tuntun wá bá Ẹlẹ́rìn-ín. Ó ní ọwọ́ tó ń se ọbẹ̀ yẹn lòun fẹ́ nínú ilé ìdáná òun. Ó ní kí wọ́n kó gbogbo oníbàárà àtijọ́ jọ kí wọ́n wá dágbére fún ilé oúnjẹ náà, kí Ẹlẹ́rìn-ín se ìkòkò kan ìkẹyìn, kí onífọ́tò yà á, òun á sì gbé fọ́tò náà kọ́ sẹ́nu ọ̀nà òun.

Ẹlẹ́rìn-ín gba yàrá Àǹtí lọ, ó kúnlẹ̀. "Ọkọ mi, ẹ bá mi sè é."

Àǹtí ní, "Màá sè é. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́. Dìde láàárín wọn, kí o sọ pé èmi ni mo ti ń sè é láti ọjọ́ yìí."

"Ṣé ìyẹn náà ni? Kí n tó jókòó ni màá ti sọ ọ́."

Ó búra. Kò sí ẹni tó ní kó búra.

Inú Àǹtí dùn débi pé ó lọ ra ìborí tuntun. Èyí tó máa ń wé tẹ́lẹ̀, ó máa ń fà á bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó jóná ni. Lọ́tẹ̀ yìí, ó wé e sókè, ó fi gbogbo ojú rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní bí òun bá jáde sí wọn, òun fẹ́ kí wọ́n rí òun bí òun ṣe wà, kí òun náà sì rí ojú àwọn tó ni ikùn wọ̀nyẹn.

Lọ́jọ́ náà, ilé kún. Àǹtí ń ro ọbẹ̀, ó ń fetí sílẹ̀. Ó gbọ́ ohùn olùkọ́, àgbà ti dé sí i. Ó gbọ́ tí aránṣọ ń kìlọ̀ fún ọmọ rẹ̀ kó má sáré, ó sì yà á lẹ́nu pé ọmọ ẹlẹ́sẹ̀ wẹ́wẹ́ yẹn ti ń sáré. Akólòlò ti wa ọkọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, ó ń sọ fún wọn pé omi nìkan lòun mu láti àárọ̀ kí àyè lè wà nínú òun.

Oníkálukú dìde sọ ohun tó rántí. Ọ̀kan ní ibẹ̀ lòun ti jẹun lọ́jọ́ tí wọ́n lé òun níbi iṣẹ́, tí òun sì rí i pé ayé ò tíì parí. Olùkọ́ ní òun ti jẹun káàkiri, òun kò tún rí irú ìsàlẹ̀ ìkòkò bẹ́ẹ̀. Àǹtí ń sunkún sórí iná, ó ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n pe Ẹlẹ́rìn-ín, Àǹtí tú aṣọ ìdáná kúrò ní ìbàdí, ó fi ọwọ́ lé ilẹ̀kùn, ó ń dúró kí wọ́n pe òun.

Ẹlẹ́rìn-ín dúpẹ́, ó ṣe àwàdà, wọ́n rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ohùn rẹ̀ rọ̀. "Ẹ ń sọ pé ọbẹ̀ mi dùn. Ẹ ò mọ ohun tó ná mi." Ó ká ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀ sókè. "Ẹ wo apá mi. Iná ilé ìdáná yìí ló jó mi báyìí, mo sì tún padà sídìí rẹ̀ nítorí yín."

Gbogbo ilé kẹ́dùn. Àǹtí gbọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ pé "pẹ̀lẹ́ o."

Ẹ̀yin èèyàn mi, áyọ́ọ̀nù ló jó obìnrin yẹn lápá. Ó ń sáré lọ aṣọ tó fẹ́ wọ̀ lọ síbi ìgbéyàwó ni, Àǹtí gan-an ló sì fi omi tútù sí i fún un. Kí èèyàn jí ọbẹ̀ ẹni, a lè ní ojúkòkòrò ni. Kí èèyàn wá jí iná tó jó ẹni, tí ó ti fi ẹni pa mọ́ sẹ́yìn ògiri nítorí ẹ̀, kí ni ká pe ìyẹn? Láti ìgbà tí Àǹtí ti sọ ọ́ fún mi ni mo ti ń wá orúkọ tí màá pè é.

Ẹlẹ́rìn-ín jókòó láì dárúkọ Àǹtí. Àǹtí mú ọwọ́ kúrò lára ilẹ̀kùn, ó tún aṣọ ìdáná so.

Kò tíì so ó tán tí ilẹ̀kùn fi ṣí. Máníjà ló wọlé, Ẹlẹ́rìn-ín àti onífọ́tò tẹ̀lé e. Máníjà fẹ́ kí wọ́n yà á níbi tó ti ń parí ọbẹ̀ náà. Ó rí Àǹtí, ó bi í léèrè pé ta nìyí.

Ẹlẹ́rìn-ín kò wo ojú Àǹtí. "Ẹni tó ń bá mi fọ abọ́ ni," ó ní, ó sì gba ṣíbí ọbẹ̀ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọkọ rẹ̀ o. Ọmọ ìyá ọkùnrin tó gbé e níyàwó. Ẹni tó ń kúnlẹ̀ fún nílé láràárọ̀.

Máníjà ní kí ló kù. Ìgbà yẹn ni Ẹlẹ́rìn-ín tó wo Àǹtí, nítorí kò mọ ohun tó kù. Àǹtí ní, "Iyọ̀ ló kù."

Ẹlẹ́rìn-ín gbé ojú sókè sí pẹpẹ, ó ń wá a. Ó rí ìgò tí wọ́n kọ IYỌ̀ sí, ó sì na ọwọ́ sí i.

Ẹnu Àǹtí ti là. Ó ní ọ̀rọ̀ náà ti dé eyín òun. Àyè sì wà, nítorí ìdérí ìgò náà le, Ẹlẹ́rìn-ín yí i títí, kò yí, àfi ìgbà tí máníjà bá a ṣí i. Àǹtí ń wò wọ́n. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé Ẹlẹ́rìn-ín yóò tọ́ ọ wò. Kò sí ẹni tó ń dáná tí kì í tọ́ ọ wò; bó bá ti kan ahọ́n rẹ̀, á dá a dúró. Inú rẹ̀ sì tún dáhùn pé, ẹni tó ń fọ abọ́, kí ló kàn án nínú iyọ̀ màdáàmù?

Ó pa ẹnu dé.

Ẹlẹ́rìn-ín bù ú lẹ́kún ọwọ́, ó dà á sí i, ó tún bù ú, ó kọjú sí kámẹ́rà, ó rẹ́rìn-ín. Kò tọ́ ọ wò. Òun fúnra rẹ̀ ló ro ó pọ̀, tó bù ú, tó sì ń ti abọ́ jáde lójú fèrèsé lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń yà á. Kò kan etí abọ́ kankan. Kò tilẹ̀ mọ̀ pé wọ́n máa ń kàn án. Ohùn yẹn ti wà létí rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́, kò fi ìgbà kan bi ara rẹ̀ pé kí ni.

Ariwo ìjẹun bẹ̀rẹ̀, ó sì kú. Àwọn kan gbé e mì nítorí ìtìjú. Ọmọ aránṣọ, tí kò mọ ìtìjú, ní, "Màmi, tíì ni wọ́n fi sè é." Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín.

Akólòlò dìde. Ó gbé abọ́ rẹ̀ wá sí ojú fèrèsé. Àǹtí rí ikùn náà, bọ́tìnì kò pé síbẹ̀. Ó wá ṣe ohun tí oníbàárà kankan kò ṣe rí. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì yọjú wolé.

"K-kò sẹ́ni tó kàn án," ó ní. "Mo ń retí k-kí wọ́n kàn án." Ó wo ojú Àǹtí, gbogbo rẹ̀, àpá náà, kò sì gbé ojú kúrò. "Ṣé ẹ̀yin l-lẹ máa ń kàn án?"

Àǹtí gba ṣíbí ọbẹ̀ lọ́wọ́ Ẹlẹ́rìn-ín. Ó kan etí abọ́ náà lẹ́ẹ̀mejì.

Kò sí orí tí kò yí. Olùkọ́ dìde dúró láìmọ̀. Aránṣọ fi ọwọ́ bo ẹnu.

Máníjà kọjú sí Ẹlẹ́rìn-ín, ó rọra bi í léèrè pé níbo ni iyọ̀ wà nínú ilé ìdáná tó ti ń sè láti ọjọ́ yìí. Ẹlẹ́rìn-ín fi ọwọ́ tọ́ka sí ìgò. Àǹtí mú agolo mílíìkì, ó da díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ máníjà. Máníjà lá a. Kò tún bèèrè ohunkóhun mọ́.

Ìgbà yẹn ni Àǹtí wá jáde sí yàrá ìjẹun. Ó sọ ọ́ tán, ọbẹ̀, epo gbígbóná, áyọ́ọ̀nù, ẹni tó ń fọ abọ́. Kò pariwo. Ẹlẹ́rìn-ín kúnlẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ń pè é ní ọkọ mi, ọkọ mi. Àwọn èèyàn ń pòṣé sí i, àwọn mìíràn ń ṣépè. Àǹtí ní òun ò ní purọ́ fún mi, ó dùn mọ́ òun.

Akólòlò nìkan ni kò pòṣé. Ó ṣì gbé abọ́ rẹ̀ lọ́wọ́.

"Ẹ wà n-níbẹ̀ nígbà tó ń dà á sí i?"

"Mo wà níbẹ̀."

"Ẹ ò s-sọ̀rọ̀."

"Kí ni kí n sọ? Ṣé ẹ gbọ́ ohun tó pè mí?"

"Mo gbọ́." Ó na abọ́ náà sí i. "Ṣùgbọ́n àwa l-lẹ jẹ́ kó gbé e fún."

Ó dá abọ́ rẹ̀ padà sí ojú fèrèsé bó ṣe máa ń ṣe. Abọ́ náà kún. Ó dágbére fún gbogbo ilé, ó sì fi ebi wa ọkọ̀ lọ.

Wọ́n ti wó ilé náà. Máníjà wá ẹlòmíràn, kò mú Ẹlẹ́rìn-ín, kò sì mú Àǹtí, ó ní òun ò lè fi ilé ìdáná òun lé ẹni tó lè dákẹ́ nígbà tí ìkòkò ń bàjẹ́ lọ́wọ́. Ẹlẹ́rìn-ín ṣì ń kúnlẹ̀ kí i bí wọ́n bá pàdé nílé. Àǹtí á ní "pẹ̀lẹ́", á sì kọjá. Àwọn ẹbí ti bẹ̀ ẹ́ títí. Kò gbọ́.

Ohun tó ń mú inú bí i jù ni pé bí àwọn ará ìlú bá ń rántí ilé oúnjẹ náà báyìí, ọjọ́ ṣúgà ni wọ́n ń sọ. Wọ́n á sọ ọ́, wọ́n á fi ọwọ́ gbá itan rẹ́rìn-ín. Gbogbo ọbẹ̀ ọdún wọ̀nyẹn, ìkòkò kan péré ni wọ́n fi ń rántí rẹ̀. Ìbínú kò mọ̀ pé olúwa òun kò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀. Ó gbẹ̀san tán, ó bojú wẹ̀yìn, ọbẹ̀ ara rẹ̀ ló dà nù.

Nígbà tí mo lọ gbọ́ ìtàn yìí lẹ́nu rẹ̀, ó ń dáná lọ́wọ́. Mo bi í pé láàárín òun àti Ẹlẹ́rìn-ín, ta ni inú ń bí i sí jù. Ó ní kí n ní sùúrù ná, ẹran ti rọ̀. Ó ṣí agolo mílíìkì kan, ó fi ìka kan ohun tó wà nínú rẹ̀, ó sì fi kan ahọ́n kó tó dà á sínú ìkòkò.

Iyọ̀ ni. Ó tún tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kejì.